Ìwé Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí Mo Fi Òjé Tò

Àwọn ọmọ àdúgbò wa tó ń múra láti jáde iléèwé a máa wá jókòó tì mí ní ìrọ̀lẹ́, wọn a ní, "Bàbá, iṣẹ́ wo ni ká kọ́?" Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń pa mí, nítorí iṣẹ́ tí èmi ṣe láyé ti kú kí wọ́n tó bí wọn. Òkú iṣẹ́ kì í gba ọmọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ lè fún èèyàn, àti ohun tó lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kó fà mọ́ mi díẹ̀. Làmídì ni mí, ọmọ Bẹyẹrúnká. Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń to lẹ́tà títí irun mi fi funfun.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, ọwọ́ la fi ń to ìwé. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ òjé tó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, tí wọ́n gbẹ́ àmì a tàbí b tàbí d sí orí rẹ̀. A ó máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àpótí pẹlẹbẹ tó pín sí yàrá wẹ́wẹ́, a ó máa tò wọ́n sínú irin kékeré tó wà lọ́wọ́ òsì títí wọn yóò fi di ìlà, tí ìlà yóò fi di ojú ewé. A ó fi okùn di ojú ewé náà pinpin, a ó gbé e sórí ẹ̀rọ, a ó fi tàdáwà kùn ún, a ó sì tẹ̀ ẹ́ sára pépà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ tán, a ó tú u, a ó dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan padà sí yàrá rẹ̀ ká lè fi to òmíràn, nítorí ilé ìtẹ̀wé kékeré kì í ní lẹ́tà tó pọ̀ tó láti to odidi ìwé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló kó wa sí wàhálà tí mo fẹ́ sọ.

Aránṣọ ni bàbá mi, agbádá àwọn alágbà ló ń rán. Ó fi mí sí iléèwé àwọn onígbàgbọ́ fún ìgbà díẹ̀, àfi bó ṣe gbọ́ tí mò ń kọ orin wọn níbi tí mo ti ń po ẹ̀kọ mu. Ó fà mí jáde lọ́jọ́ kejì. Ilé kéú ni mo padà sí. Mi ò bínú sí bàbá mi, ẹ̀rù ọmọ rẹ̀ ló ń bà á, ṣùgbọ́n òùngbẹ Gẹ̀ẹ́sì ń gbẹ mí. Bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́ lọ sí Mápó, n óò dúró níwájú ìwé ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, n óò máa wò ó bí ẹni ń wo ojú fèrèsé ilé olówó.

Bí mo ṣe dé ilé ìtẹ̀wé kò gùn rárá. Mo ti ń di géńdé nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi mọ Ọ̀gá Bámgbádé, ó mú mi lọ, Ọ̀gá wo ìka mi, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó parí.

Ìtòsí odò Ògùnpa ni ṣọ́ọ̀bù wa wà. Ọmọ ìjọ onítẹ̀bọmi ni Ọ̀gá, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo. Ká ní ó ń pariwo ni, ìyà tí à ń jẹ ì bá dínkù. Aṣọ dúdú ló fi ń di ojú ọmọṣẹ́ tuntun, a ní kó ṣa orúkọ ara rẹ̀ jáde nínú àpótí lẹ́tà. Bí o bá ṣì í, kò ní nà ọ́, kò ní bú ọ. Yóò kàn gbé àpótí náà, yóò da gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, yóò ní kí o ṣà wọ́n padà sí yàrá wọn.

"Làmídì, níbo ni e wà?" a bi mí bẹ́ẹ̀, aṣọ ṣì wà lójú mi.

"Àárín ni, sà."

"Mi ò bi ẹnu ẹ. Ọwọ́ ẹ ni mò ń bi."

Mo sunkún nínú aṣọ náà, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Nígbà tó yá, ìka mi ti mọ yàrá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe mọ ẹnu mi. Ohun kan sì tún wà tí mo fi ju àwọn ẹgbẹ́ mi lọ. Lẹ́tà òjé a máa kọjú sódì, bí ìgbà téèyàn ń ka ìwé nínú dígí, ó sì máa ń dà wọ́n láàmú. Èmi tí mo ti ilé kéú wá, tí mo ti ń ka ìwé láti ọ̀tún bọ̀ sí òsì láti kékeré, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọ̀gá rí i, kò yìn mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá ṣòro ló ń gbé fún mi.

Òfin kan wà tí Ọ̀gá kì í yẹ̀. Ká tó tẹ ìwé kan, a ó kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan fún àyẹ̀wò, púrúùfù ni àwa ń pè é, a ó sì gbé e lọ fún ẹni tó kọ ìwé náà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kà á. Kì í ṣe ọmọ rẹ̀, kì í ṣe akọ̀wé rẹ̀. Ìdí abájọ ni pé kí n tó dé, ìdílé kan gbé ìkéde òkú wá, aládùúgbò kan tó ń kánjú ló bá wọn ka púrúùfù, ó ní ó ti pé. Nígbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri Ọjà'ba tán, orúkọ ẹ̀gbọ́n tó wà láàyè ló wà ní ipò òkú. Bàbá náà jí láàárọ̀, ó bá àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí wọ́n wá ṣèdárò òun fúnra rẹ̀. Ṣe ni a máa ń rẹ́rìn-ín bí a bá ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n Ọ̀gá kì í bá wa rẹ́rìn-ín. Ojú tì í dé egungun. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé, "Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló ń kà á."

Ní ìgbà ọyẹ́ ọdún kan, Tíṣà Ọlájídé wọlé tọ̀ wá. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní Pópó Yemọja. Ó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ níléèwé àwọn Áńgílíkà, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Kóòtù funfun tó ti gbó ló wọ̀, ìyàwó rẹ̀, Màmá Tíṣà, di apá rẹ̀ mú, ó gbé àpò ìwé kan dání.

"Ọ̀gá Bámgbádé," Tíṣà ní, "ìwé kan ni mo kọ. Àwọn ọmọ tó jáde ní sítáńdáàdì síìsì, tí wọn ò ríbi lọ mọ́, àwọn ni mo kọ ọ́ fún. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọjà, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ìwé. Gbogbo ọ̀rọ̀ gbankọgbì tó ń dẹ́rù bà wọ́n ni mo kó jọ síbẹ̀, mo túmọ̀ wọn sí Yorùbá, mo sì fi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ."

"Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Tíṣà. Ìgbà wo lẹ fẹ́ ẹ?"

Tíṣà yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Màmá Tíṣà ló dáhùn. "Àwọn dókítà ti yẹ ojú bàbá wò. Wọ́n ní ṣe ló ń kú lọ láti ẹ̀gbẹ́, kò sì sóògùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ ìgbà tó máa kú tán. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá ń tọrọ ni pé kí àwọn fojú ara àwọn ka ìwé yìí."

Ọ̀gá gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa kà á, Tíṣà." Mo wà níbẹ̀ tó sọ ọ́. Ọ̀gá kì í ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni mo ṣe rántí.

Èmi ni Ọ̀gá gbé iṣẹ́ náà fún. Lẹ́tà wa kò lè to ju apá kan ìwé náà lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà a pín in. A óò to apá kìíní, a óò tẹ̀ ẹ́, a óò tú u, ká tó bọ́ sí apá kejì. Báyìí ni mo ṣe padà sí iléèwé láìfi bàbá mi ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní "abate," Tíṣà túmọ̀ rẹ̀ sí kí nǹkan rọlẹ̀, ó sì fi àwọn aláṣọ ọjà Òjé ṣe àpẹẹrẹ, pé òjò rọlẹ̀, wọ́n sì tún tú aṣọ wọn palẹ̀. "Conspicuous" ni ohun tó hàn gedegbe sójú gbogbo èèyàn, gbọ̀ngán Mápó tó wà lórí òkè ló sì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní "benevolent," ẹni tó ní inú rere, ó sọ nípa obìnrin kan ní Pópó Yemọja tó máa ń fún ọmọ ọlọ́mọ lóúnjẹ kó tó béèrè orúkọ rẹ̀. Mi ò nílò láti béèrè kí n tó mọ̀ pé Màmá Tíṣà ni.

Ohun tí ọwọ́ bá tò ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ọkàn kì í tètè gbàgbé rẹ̀. Bí mo bá délé, n óò máa wá ibi tí n óò ti lo ọ̀rọ̀ tí mo tò lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, mo ní kó jẹ́ kí ìbínú rẹ̀ "abate." Ó bojú wò mí, ó ní, "Òyìnbó Bẹyẹrúnká, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi yín-ín-yín Gẹ̀ẹ́sì yín kún ọ̀rọ̀ wa." Orúkọ náà mọ́ mi lára lágboolé wa. Bàbá mi pàápàá a máa fi pè mí, a sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo bi Tíṣà léèrè lọ́jọ́ kan bóyá gbogbo àpẹẹrẹ rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

"Gbogbo ẹ̀ ni, Làmídì. Mi ò jẹ́ fi irọ́ sẹ́nu ọmọ. Ọmọ tó bá ń ka gbólóhùn sókè, ẹ̀rí ló ń jẹ́. Mi ò fẹ́ kí ọmọ kankan tìtorí tèmi jẹ́rìí èké."

Èmi tí mo jẹ́ ọmọ mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rí wọ̀ mí lára. Ó wá ní kí n wo ọ̀rọ̀ kan ní ibi tí B wà, "behold." Ó ní nínú Bíbélì nìkan làwọn èèyàn ti ń rí i, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni kéèyàn fi ojú rí ohun tó ti ń wọ̀nà láti rí. Gbólóhùn tó kọ sí i ni, "I behold this book with my own eyes," ìyẹn ni pé, mo fi ojú ara mi rí ìwé yìí.

"Èyí nìkan ni kò tíì ṣẹlẹ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, á di òótọ́." Ó rẹ́rìn-ín, mo bá a rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, apá kìíní ti wà ní títò, ojú ewé lórí ojú ewé, a fi okùn dì wọ́n, a tẹ́ wọn sórí pákó nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Púrúùfù ló kù. Mo ń gbé e lọ sí Pópó Yemọja díẹ̀díẹ̀. Tíṣà a gbé àga rẹ̀ síta sínú oòrùn, a gbé ìwé náà súnmọ́ imú rẹ̀, a máa fi ìka tọ́ ìlà. Ohun tó lè kà tán kí a tó jẹun ọ̀sán nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran dáadáa, ó ń gbà á ní ọ̀sẹ̀. Bí òjò bá ṣú, kò lè kà rárá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo délé rẹ̀ tí mo bá a tó jókòó ti ìwé, tó ń dúró de oòrùn.

Mo lọ bá Ọ̀gá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n máa kà á sí Tíṣà létí. Wọ́n á máa gbọ́ ọ, wọ́n á máa tún un ṣe. Ojú ewé wọ̀nyí ti pẹ́ nílẹ̀."

"Ta ló ni ọ̀rọ̀?"

"Tíṣà ni, sà."

"Tíṣà lo máa jẹ́ kó kà á."

Kì í ṣe pé inú Ọ̀gá burú. Ìlérí tó ṣe fún Tíṣà ló ń mú ṣẹ, ní ọ̀nà tí òun mọ̀. Tíṣà alára kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun kà á. Ó ní bí ojú òun bá máa tán, kó tán sórí ìwé náà. Àwọn àgbàlagbà méjèèjì ti sọ̀rọ̀ kan náà, èmi wá dákẹ́. Wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A fi ẹ̀sọ̀ mú un, ó bàjẹ́ náà ni.

Láti àárọ̀ ni òjò ọjọ́ náà ti ń rọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, a gbọ́ igbe láti ọ̀nà ọjà, àwọn èèyàn ń sá gòkè lọ sí ọ̀nà Bẹẹrẹ, Ògùnpa ti kún bo bèbè rẹ̀. Kí a tó mọ ohun tí a ó kọ́kọ́ gbé, omi ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Òjé wúwo. Ojú ewé kan ṣoṣo tó géńdé í gbé. A gbé díẹ̀ sórí tábìlì, omi dé orúnkún, a tún gbé díẹ̀, tábìlì náà dojú dé. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú ewé kan sókè mọ́ àyà. Okùn tó tutù ti dẹ̀. Mo ń wò ó báyìí tí ojú ewé náà tú mọ́ ọn lọ́wọ́, tí gbogbo lẹ́tà dà sínú omi. Kò sá. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì ní nínà, bí ẹni tó ṣì gbé nǹkan dání. Èmi ni mo wọ́ ọ jáde.

Ẹni tí omi gbé ọmọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà kò níí gbọ́ ẹjọ́ lẹ́tà lẹ́nu wa, a sì mọ àwọn tí omi gbé ọmọ wọn lọ. Nígbà tí omi fà, a kó ẹrẹ̀ jọ, a fi asẹ́ jọ̀ ọ́, a fi epo òyìnbó fọ àwọn lẹ́tà tí a rí. Ọ̀pọ̀ ti bá omi lọ. Púrúùfù tó wà lọ́dọ̀ Tíṣà kò ju ojú ewé díẹ̀ lọ, ìyókù àti ìwé ọwọ́ rẹ̀ fún apá kìíní wà nínú àpótí ní ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo rẹ̀ ti di àmọ̀. Apá kejì nìkan ló yọ, torí a ti dá a padà sọ́dọ̀ Tíṣà títí dìgbà tí a óò lò ó.

Ọ̀gá ní òun ló máa sọ fún un. Mo tẹ̀lé e. Tíṣà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin, ó mi orí, ó ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ṣe ló fẹ́ tù wá nínú. Ṣùgbọ́n Màmá Tíṣà yí ojú sí ògiri, nítorí agbè tí à ń wí náà ti ń fọ́, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ nínú wa.

A tún un kọ. Lọ́sọ̀ọ̀sán ni mò ń lọ sí Pópó Yemọja, Tíṣà a máa pe ọ̀rọ̀, a sọ ìtumọ̀ rẹ̀, a sọ àpẹẹrẹ rẹ̀, èmi a máa kọ ọ́. Ibi tó bá gbàgbé, ọwọ́ mi tó ti tò ó rí a máa rántí. Ibi tí èmi bá gbàgbé, òun a rántí. Ibi tí àwa méjèèjì bá gbàgbé, ó ti lọ nìyẹn. Nígbà tí a dé "calamity," àjálù ńlá, mo rántí pé iná tó jó nígbà kan ló fi ṣe àpẹẹrẹ tẹ́lẹ̀. Tíṣà ní kí n pa iná náà rẹ́. "A ti ní òmíràn báyìí," ó ní. A rẹ́rìn-ín, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni lọ́jọ́ kan, oòrùn mú, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Làmídì, kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ mi." Mi ò sí nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni kankan níwájú rẹ̀. Mo dìde, mo sún sẹ́yìn, mo ní, "Ẹ máa bínú, sà." Ó dúró díẹ̀, ó tún ní, "Ṣé o ti kúrò?" Mo ní mo ti kúrò. Ó gbọ́ ibi tí ohùn mi ti wá, òye sì yé e. Ó na ọwọ́, ó wá orí mi, ó fọwọ́ lé e. Ojú lọba ara, ọba ti wàjà lọ́sàn-án yẹn. Mo rántí aṣọ dúdú tí Ọ̀gá máa ń fi dì mí lójú. Mo mọ òkùnkùn náà, ṣùgbọ́n tèmi ní ìso tó ṣeé tú.

A tún apá kìíní tò. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé púrúùfù rẹ̀ lọ, mo tẹ̀ lé e. Ó ṣí fìlà, ó jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́sẹ̀ Tíṣà, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa ń jókòó lé. "Tíṣà," ó ní, "ojú tèmi ni mo gbé wá. Ẹ lò ó."

Ọ̀gá mọ lẹ́tà ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ń kọsẹ̀, Tíṣà ń fà á dìde jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń ṣe fún ọmọ kékeré. "Ẹ tún un pè, Ọ̀gá. Ẹ fà á díẹ̀. Ó dáa." Ọkùnrin tí kì í gba àṣìṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ń tún ọ̀rọ̀ pè, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó kà á dé "behold." Ó ka ìtumọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà, "I behold this book with my own," ó sì gbé ojú kúrò nínú ìwé. Kò lè pè é tán. Màmá Tíṣà ti ń fi ìborùn nu ojú.

Èmi ni mo sọ̀rọ̀. "Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, sà. Ẹ fún wa ní òmíràn." Mo mọ̀ pé Tíṣà kì í fi irọ́ sẹ́nu ọmọ.

Tíṣà na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ìwé náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Rárá. Ẹ fi í sílẹ̀. Kì í ṣe èmi ló máa kà á. Ọmọ tó bá kà á, ojú ara ẹ̀ ni yóò fi kà á. Yóò jẹ́ òótọ́ lẹ́nu tirẹ̀." Ó yíjú sí ibi tí Ọ̀gá wà. "Ẹ kà á tán, Ọ̀gá." Ọ̀gá kà á tán.

A to apá kejì náà, ìwé náà jáde, kò nípọn tó bó ṣe yẹ nítorí àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti gbàgbé. Tíṣà gbà á, ó gbóòórùn tàdáwà rẹ̀, ó ní àwọ̀ wo ni ẹ̀yìn rẹ̀, mo ní àwọ̀ ewé. Ó ní ohun tí òun fọkàn sí nìyẹn. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tó kú, ìwé náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Mi ò tíì sunkún ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí, bàbá mi ṣì wà láyé nígbà náà.

Iṣẹ́ ń bá a lọ. Ẹ̀rọ tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ di ẹ̀rọ oníná. Ẹ̀rọ kan tún dé tó ń fi òjé gbígbóná dá odidi ìlà lẹ́ẹ̀kan, àwa tí à ń fọwọ́ ṣà wá dà bí ẹni ń fi ìgò fá irun. Nígbà tó yá, fótò ni wọ́n fi ń tẹ̀wé, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà. Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Àwọn lẹ́tà òjé Ọ̀gá, àwọn tó ń rọ ọta ìbọn ọdẹ ni wọ́n rà wọ́n, wọ́n yọ́ wọn. Ọ̀gá kò rí ìyẹn, Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Òfin rẹ̀ kò tún fẹsẹ̀ múlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ láti ìgbà omi náà. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, mo lọ kí i ní Bẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ kan ló ń sọ, ó ń tún un sọ. "Ó yẹ kí n ti tẹ̀ ẹ́, Làmídì." Mo ní kó fi sílẹ̀, pé kádàrá ni. Kò gbà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé iṣẹ́ yòówù kẹ́ ẹ kọ́, ẹ gba òfin ọ̀gá yín, torí òun ló ń sọ ọwọ́ di ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ máa bojú wo ẹni tí òfin náà wà fún. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú mọ́ ẹni náà lójú yín, ẹ má jókòó ti òfin.

Mo ti sọ̀rọ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, ẹyọ kan ló kù. Lẹ́yìn tí Tíṣà ti kú, àkọ́bí mi, Sìdíkátù, bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Bàbá mi tó fa èmi jáde ló rán aṣọ iléèwé rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ìwé díẹ̀, mo mú ìwé aláwọ̀ ewé náà fún un. Ìrọ̀lẹ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà agboolé wa ní Bẹyẹrúnká, ó na ẹsẹ̀, ìwé wà lórí itan rẹ̀, ó ń kà á sókè bí wọ́n ṣe ń ka wàláà ní ilé kéú, ó ń mi ara síwá sẹ́yìn. Mo dúró lẹ́yìn ògiri.

"Behold," ó ní. Ó ka ìtumọ̀ rẹ̀. Ó gba èémí. "I behold this book with my own eyes."

Mi ò lè wọlé. Bàbá mi tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rí mi, ó ní, "Òyìnbó Bẹyẹrúnká, kín ló dé tó o fi ń sunkún? Kín lọmọ ń wí?"

Mo ní, "Òótọ́ ló ń sọ, Bàbá."